Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn: Ta Ni Alágbàtọ́ Rẹ̀?

Ẹni tí ó bá ti dé Abidjan, ìlú tí ó tóbi jù lọ ní Côte d'Ivoire, yóò ti gbọ́ orúkọ àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Zone 4. Ó wà ní apá gúúsù ìlú náà, ní ìhà Marcory àti Treichville, níbi tí ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú gbà kọjá. Ilé ìtajà, ilé oúnjẹ àti ilé àwọn ọlọ́rọ̀ ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń rí lójoojúmọ́ láì fiyè sí i: orúkọ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni a fi sọ púpọ̀ nínú àwọn òpópónà rẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ òpópónà Dókítà Calmette. Òmíràn ń jẹ́ òpópónà Pierre àti Marie Curie.

Albert Calmette àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Camille Guérin, ni wọ́n ṣe àjẹsára tí ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí a kọ́kọ́ lò fún ènìyàn ní 1921, tí a sì ń gún fún àwọn ọmọ tuntun ní ilẹ̀ Áfíríkà títí di òní. Ní ti Marie Curie, nígbà ogun 1914 sí 1918, òun ni ó ṣètò àwọn ọkọ̀ tí ń gbé ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara lọ sí ojú ogun, kí àwọn dókítà lè rí ibi tí ọta ìbọn wọ̀ sí lára àwọn ọmọ ogun. Ó sì kọ́ àwọn obìnrin bí 150 ní iṣẹ́ náà. Ní 1934 ni ó kú nípa àrùn ẹ̀jẹ̀, èyí tí a gbà pé ìtànṣán tí ó ti ń bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fà á. Ní ayé ìgbà náà, ìmọ̀ nípa ewu ìtànṣán kò tí ì kún tó. Ní òde òní, ìmọ̀ nípa bí àrùn ti ń ràn ti kún. Ohun tí ó kù ni kí àwọn tí ó ní ìmọ̀ náà lò ó láti dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń kọ́ níṣẹ́.

Kò jìnnà sí àwọn òpópónà wọ̀nyí ni ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà ní Treichville. Ilé ìwòsàn yìí ni ó tọ́jú ẹni àkọ́kọ́ tí a rí àrùn kòrónà lára rẹ̀ ní Côte d'Ivoire, nígbà tí ìjọba kéde ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, ọdún 2020. Ọkùnrin náà ti ilẹ̀ Ítálì dé ni. Ní Treichville yìí kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí a mọ̀ sí INFAS wà, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìjọba ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ pa, wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé láti agogo mẹ́sàn-án alẹ́ di agogo márùn-ún ìdájí, wọ́n sì ya Abidjan sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù orílẹ̀-èdè náà láti ìparí oṣù Kẹta títí di àárín oṣù Keje.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Láti ìran dé ìran ni àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Anango. Ìyá tí ó ń pàtẹ ní Treichville àti ìyá tí ó ń pàtẹ ní Òṣogbo, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí ọmọ wọn wọ aṣọ funfun ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan. Owó ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń rò, ìwé ni wọ́n ń rò, ìdánwò ni wọ́n ń rò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kì í sábà wá sí ọkàn òbí: bí àjàkálẹ̀ àrùn bá bá ọmọ náà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ta ni yóò dúró gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́ fún un?

Láti lóye ìbéèrè yìí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ipò tí akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ilé ìwòsàn. Kì í ṣe aláìsàn, kì í ṣe àlejò, a kò sì lè pè é ní òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, òun ni ó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, òun ni ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lọ sí yàrá àyẹ̀wò, òun ni ó ń ran agbẹ̀bí lọ́wọ́ nígbà tí aboyún bá ń rọbí, òun náà sì ni wọ́n ń rán níṣẹ́ lóru nígbà tí òṣìṣẹ́ kò bá tó. Iṣẹ́ gidi ni gbogbo èyí, ewu rẹ̀ sì jẹ́ ewu gidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó oṣù bá dé, orúkọ rẹ̀ kì í sábà sí nínú ìwé. Bí ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ bá ṣọ̀wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ni a sábà ń kọ́kọ́ kà. Bí ó bá sì dùbúlẹ̀ àìsàn, ilé ìwòsàn lè sọ pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni, kí ilé ẹ̀kọ́ náà sì fèsì pé ọgbà ilé ìwòsàn ni àrùn ti mú un. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Láàárín ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ni ògiri yìí ti lanu.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Hong Kong ní oṣù Kẹta ọdún 2003 fi èyí hàn kedere. Ní ìgbà náà, àrùn èémí kan tí a wá mọ̀ sí SARS ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn kálẹ̀ ni. Wọ́n gba ọkùnrin kan sí wọ́ọ̀dù ní ilé ìwòsàn Prince of Wales, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé àrùn tuntun yìí ni ó ń ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wọ wọ́ọ̀dù náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, láti kọ́ bí a ti ń yẹ aláìsàn wò. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 66 tí wọ́n wọ ibẹ̀ wò, wọ́n rí i pé 16 nínú wọn ni àrùn náà mú. Ewu náà sì pọ̀ gidigidi fún àwọn tí wọ́n dé ìhà ibùsùn ọkùnrin náà ju fún àwọn tí kò dé ibẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó rán wọn lọ gbógun ti àrùn. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n lọ kọ́. Òjò tí ó rọ̀ ni ó kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ: àrùn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó wọ̀ ọ́ lára.

Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti rí tirẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí Ebola jà ní Gínì, Làìbéríà àti Sierra Leone, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka òṣìṣẹ́ ìlera 815 tí ó dájú tàbí tí ó jọ pé àrùn náà mú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014 títí di òpin oṣù Kẹta ọdún 2015. Àjọ náà sọ pé ewu kí àrùn náà mú òṣìṣẹ́ ìlera tó ìlọ́po 21 sí 32 ju ti àgbàlagbà mìíràn lọ. Ní Èkó, nígbà tí arìnrìn-àjò kan gbé e ti Làìbéríà wá ní oṣù Keje ọdún 2014, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn náà jáde sí ìgboro. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú, Dókítà Adadevoh sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ewu bá lè dé ọ̀dọ̀ dókítà àgbà tí ojú rẹ̀ ti rí púpọ̀, kí ni ó yẹ kí a rò nípa ọmọ ọdún 20 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń wọ ìbọ̀wọ́ tí a sì ń bọ́ ọ?

Abidjan tikára rẹ̀ rí àpẹẹrẹ bí nǹkan ti máa ń rí nígbà tí kò sí ìdánilójú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ìjọba Côte d'Ivoire kéde pé a ti rí Ebola lára ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ ọdún 18 kan tí ó ti Gínì wá. Láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí ó di ọjọ́ 31 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àyẹ̀wò mìíràn tí a ṣe ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé kò rí Ebola kankan. Ayọ̀ ni ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù: orúkọ àrùn kì í sábà hàn ní ọjọ́ tí aláìsàn dé. Àárín ọjọ́ tí aláìsàn dé àti ọjọ́ tí àyẹ̀wò fi ìdí òtítọ́ múlẹ̀ ni ewu máa ń pọ̀ jù fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ní àkókò yìí ni a ṣì lè rán an lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Nígbà tí kòrónà dé, ọ̀nà méjì ni àwọn orílẹ̀-èdè tọ̀. Ọ̀nà kìíní ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ aláìsàn pátápátá. Ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2020, ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn níyànjú láti dá iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn dúró ná, nítorí pé ìbòmú àti ohun èlò àyẹ̀wò kò tó. Ọ̀nà yìí ní ọgbọ́n nínú, ṣùgbọ́n ó ní owó tirẹ̀ tí a ó san. Ní Nàìjíríà, a ti àwọn yunifásítì pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020; nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ sì tún kún un, ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó padà sí kíláàsì. Iṣẹ́ ìṣègùn kì í ṣe ohun tí a lè fi ìwé nìkan kọ́. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan aláìsàn fún oṣù mẹ́wàá ti pàdánù ohun tí ó ju àkókò lọ, àwọn ará ìlú tí wọ́n ń retí dókítà àti nọ́ọ̀sì tuntun sì ti pàdánù pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a pe akẹ́kọ̀ọ́ wọlé láti ṣèrànwọ́. Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1952, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ jà ní Copenhagen, olú-ìlú Dẹ́ńmáàkì, àwọn tí àrùn náà gba èémí lọ́wọ́ wọn ń kú púpọ̀ ní ilé ìwòsàn Blegdam, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó ń bá ènìyàn mí kò tó nǹkan. Dókítà Bjørn Ibsen dábàá pé kí a máa fi ọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ sínú ọ̀nà ọ̀fun wọn. Nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ tọ̀sán-tòru, tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí wọ́n ń mí fún ọmọdé àti àgbà, ikú sì dínkù gidigidi. Ní ọdún 2020, Ítálì fagi lé ìdánwò ìjọba tí ó máa ń dá àwọn tí ó ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn dúró, kí nǹkan bí 10,000 dókítà tuntun lè wọ iṣẹ́ kíákíá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n wà ní ọdún ìkẹyìn ní àyè láti yàn fúnra wọn bóyá wọn yóò ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, a sì san owó fún àwọn tí ó bá gbà.

Kì í ṣe pé ọ̀nà kan dára tí èkejì burú. Ohun tí ó burú ni ọ̀nà kẹta, èyí tí kò sí ẹni tí ó kéde rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó máa ń wáyé níbi tí kò bá sí òfin: kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́, kí ó máa ru ewu òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n kí a kà á sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí a bá ń pín ààbò, owó àti ìtọ́jú.

Àṣà Yorùbá kò mọ irú ìwà bẹ́ẹ̀. Bí òbí bá mú ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ọ̀gá kò ní san owó iṣẹ́ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀gá mọ̀ pé ọmọ náà wà lọ́rùn òun. Kò ní fi í sídìí iná kí ó tó kọ́ ọ bí a ti ń di ẹ̀mú mú. Bí iná bá jó o, ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ wá ohun tí a ó fi tọ́jú rẹ̀, òun náà ni yóò sì lọ ṣàlàyé fún àwọn òbí rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìlànà àtijọ́ yìí ni ilé ìwòsàn òde òní ní láti kọ sínú ìwé.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ ìyọ́nú ni iṣẹ́ ìṣègùn, pé ẹni tí yóò bá jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àti pé ẹni tí ó bá ń ka owó tàbí tí ó ń bẹ̀rù ewu kò yẹ fún aṣọ funfun. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí níwọ̀n. Dókítà tí ó bá sá fún aláìsàn ti já májẹ̀mú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kò tí ì wọ inú májẹ̀mú náà, kò sì tí ì ní ìmọ̀ tí ó fi lè díwọ̀n ewu tí ó wà níwájú rẹ̀. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, akẹ́kọ̀ọ́ kì í rọrùn fún láti sọ pé rárá, nítorí pé ẹni tí ó pàṣẹ fún un ni yóò fún un ní máàkì. Ìyọ́nú tí a fi ipá gbà kì í ṣe ìyọ́nú mọ́.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé owó kò sí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ohun tí àìsanwó ti fà. Ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ń gbóná, àwọn dókítà tí wọ́n ṣì ń kọ́ iṣẹ́ àkànṣe gùn lé ìyanṣẹ́lódì ọlọ́sẹ̀ kan. Ohun ààbò wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè, owó ewu iṣẹ́ wọn pẹ̀lú, èyí tí ó jẹ́ 5,000 náírà lóṣù nígbà náà. Àwọn dókítà wọ̀nyí ní ẹgbẹ́, wọ́n ní owó oṣù, wọ́n sì ní ohùn. Síbẹ̀ ó di oṣù Kejìlá ọdún 2021 kí ìjọba tó kéde àfikún sí owó ewu náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní owó oṣù, tí kò sì ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ibo ni tirẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 115,500 òṣìṣẹ́ ìlera ni kòrónà pa ní gbogbo ayé láti oṣù Kìíní ọdún 2020 títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Orílẹ̀-èdè tí kò bá dáàbò bo àwọn tí yóò rọ́pò irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò tọ́jú owó. Gbèsè ni ó ń jẹ.

Ìhà mìíràn tún wà, èyí ni ojú tí àwọn ará àdúgbò fi ń wo ẹni tí ó ti ilé ìwòsàn dé. Ìbẹ̀rù lè sọ aládùúgbò di ọ̀tá. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2020, ní Yopougon ní Abidjan, àwọn ará àdúgbò kan wó ibùdó àyẹ̀wò kòrónà tí a ń kọ́ lọ́wọ́, nítorí ẹ̀rù pé yóò mú àrùn wá sí ìtòsí ilé wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó háyà yàrá kan ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń wọ ọkọ̀ èrò pẹ̀lú aṣọ ilé ìwòsàn lápò, nílò ààbò lọ́wọ́ àrùn, ó sì nílò ààbò lọ́wọ́ ènìyàn. Ó dára pé àpẹẹrẹ òfin ti wà. Àdéhùn 190 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe ní Geneva ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu lẹ́nu iṣẹ́, dárúkọ àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́. Bí òfin kan bá lè dárúkọ wọn, òfin mìíràn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni ó tọ́ kí a ṣe? Ohun mẹ́rin ni, kò sì sí èyí tí ó ṣòro lóye nínú wọn. Èkíní, kí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn fọwọ́ sí ìwé kan ṣáájú, èyí tí yóò sọ ẹni tí yóò tọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ bí àrùn bá mú un, àti ohun tí àwọn ẹbí rẹ̀ yóò gbà bí ikú bá dé. Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe wọ wọ́ọ̀dù láìní ìbòmú, ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀kọ́ bí a ti ń lò wọ́n, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí a ó kọ́kọ́ fún ní àjẹsára. Nígbà tí Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní àjẹsára kòrónà ní pápá ìṣeré Treichville ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wà lára àwọn tí a yàn ṣáájú. Ẹni tí ó bá ń fọwọ́ kan aláìsàn kan náà yẹ kí ó wà lórí ìlà kan náà. Ẹ̀kẹta, bí a bá pè é láti ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́, kí a san owó fún un, kí ó sì lè kọ̀ láìsí pé a gé máàkì rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, bí a bá ní kí ó dúró sílé, kí ètò wà tí yóò fi rí àkókò tí ó sọnù gbà padà, láìsí pé òbí rẹ̀ san owó ọdún kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn tí wọ́n fi orúkọ Dókítà Calmette àti ti Marie Curie sí ara ògiri ní Zone 4 fẹ́ kí àwọn ènìyàn rántí ìmọ̀ tí ń gba ẹ̀mí là. Ìrántí tí ó dára jù ni kí a má ṣe fi ẹ̀mí àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ náà ṣòfò. Àkókò tí ó dára láti kọ ìwé àdéhùn ni ìgbà tí ara bá dá, tí ibùsùn sì ṣófo. Bí àrùn bá ti wọlé, kò sí ẹni tí yóò ráyè mú kálàmù. Àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn yóò dé, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ rẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.